Bọ́tìnì RESET: Ìtàn Kékeré Kan láti Chicago

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ṣé ẹ mọ̀ pé Chicago tí a wà yìí ni Motorola ti bẹ̀rẹ̀? Ní 1928 ni Paul Galvin àti àbúrò rẹ̀, Joseph, dá a sílẹ̀. Galvin Manufacturing Corporation ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. 1947 ló di Motorola.

Ní 1974, wọ́n gbé 6800 jáde, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò tóbi ju èékánná lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe MEK6800D2, pátákó tí èèyàn lè fi kọ́ iṣẹ́ náà. JBUG, ètò tó ti wà nínú rẹ̀, ló ń gba àṣẹ. Bí ẹ bá tẹ N, ẹ̀rọ á gbé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, á dúró, kí ẹ lè wo ohun tó ṣe.

RESET ńkọ́? Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, 6800 á lọ ka FFFE àti FFFF, ibẹ̀ ni yóò ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yín ò parẹ́ o. Bí iná ò bá ti lọ, ó ṣì wà nínú mẹ́mórì. Àmọ́ àṣìṣe yín náà ṣì wà níbẹ̀!

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nítorí náà, tí gbólóhùn Yorùbá bá dàrú mọ́ yín lẹ́nu, ẹ má kàn tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan: ṣé ọkọ ni àbí ọkọ́?