Bébà Aláwọ̀ Aró: Órígámì àti Quilling

Órígámì ni iṣẹ́ ọnà ṣíṣẹ́ bébà po. Quilling ni wíwé ọ̀já bébà tín-ín-rín rogodo. Méjèèjì ń sọ bébà di ọ̀ṣọ́ láìkùn ún ní ọ̀dà. Ìgbà tí oníṣẹ́ bá sì fi mọ sí àwọ̀ kan ṣoṣo, pàápàá àwọ̀ aró, ni ojú tó ń rí ohun tí bébà lè dá.

Agbègbè Tokushima ní Jàpáánì lókìkí fún aró. Wọ́n á gé ewéko tí wọ́n ń pè ní ai, wọ́n á kó ewé rẹ̀ jọ kó kan fún nǹkan bí ọjọ́ 100, kó tó di ti ìkòkò. Inú aró yìí ni wọ́n ti ń rẹ washi, bébà tí wọ́n fi èèpo igi kōzo ṣe. Okùn inú èèpo náà gùn, ó sì yi, nítorí náà omi kì í tètè fà á ya. Bí wọ́n bá rì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á rí bí ojú sánmà. Bí wọ́n bá rì í léraléra, á dú kirikiri, bí elú ti ń ṣe sí àdìrẹ lọ́wọ́ àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo.

Bébà órígámì tó wọ́pọ̀ lọ́jà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọ̀ wà lójú kan, ojú kejì funfun. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á sì ṣẹ́ ẹ kí funfun náà yọ létí òdòdó tàbí ní ìyẹ́ ẹyẹ. Ọdún 1797 ni wọ́n tẹ Senbazuru Orikata ní Kyoto, ìwé tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè fi bébà kan ṣoṣo ṣe ọ̀pọ̀ ẹyẹ tsuru (crane) tó so mọ́ra. Akira Yoshizawa (1911–2005) ló wá sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí eré ọmọdé di iṣẹ́ ọnà àgbà. Ó ń fi omi rin bébà tó nípọn kó tó ṣẹ́ ẹ, kó lè tẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ibi tó bá tẹ̀, òjìji á bọ́ sí i, àwọ̀ kan á sì dà bí méjì.

Yúróòpù ni quilling ti gbilẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sára àpótí tíì. Apẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí wà nínú Sense and Sensibility tí Jane Austen tẹ̀ jáde ní 1811. Ọ̀já bébà náà sábà máa ń fẹ̀ ní mìlímítà 3. Wọ́n á wé e mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìka fún ẹ̀gbẹ́ kan, ó di omijé. Bí wọ́n bá fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó di ojú. Níbí gan-an ni adùn àwọ̀ kan wà: èyí tí wọ́n wé le á dúdú, èyí tí wọ́n jẹ́ kó tú díẹ̀ á mọ́lẹ̀, nítorí ohun funfun tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ á hàn láàárín.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri, kó gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní pa á tààrà, nítorí ọ̀pọ̀ bébà aláwọ̀ inú ọjà máa ń tètè ṣá.