Gẹdú, Iná àti Ikán: Ìtàn Igi Ìkọ́lé ní Ìlú Bìní

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí a fi kọ́ ilé ni ó ń sọ iye ọjọ́ tí ilé yóò lò. Bí a bá dárúkọ Ìlú Bìní, idẹ àti eyín erin ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn onímọ̀. Wọn kì í sábà rántí igi. Bẹ́ẹ̀, igi ni ó gbé òrùlé àwọn ọba ró.

Igi ní Àáfin

Amọ̀ pupa ni àwọn ará Bìní fi ń mọ ògiri, ipele lórí ipele. Nínú ìwé tí Olfert Dapper tẹ̀ jáde ní Amsterdam ní ọdún 1668, ó ṣàpèjúwe àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ àáfin tí ó dúró lórí òpó igi tí a fi idẹ bò láti òkè délẹ̀. Ewé ọ̀pẹ ni òrùlé.

Ọ̀tá méjì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ní: iná àti ikán. Iná jà ní ọdún 1897. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé. Ní ọjọ́ 21, iná jó àáfin àti apá púpọ̀ nínú ìlú. Ilé Olóyè Ogiamien wà lára ìwọ̀nba tí ó yè. Ọba Ovonramwen wàjà ní ìgbèkùn ní Kàlàbá ní 1914. Ọdún náà ni ọmọ rẹ̀, Eweka Kejì, gorí oyè, tí ó sì tún àáfin kọ́.

Orúkọ àti Ìmọ̀

Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gẹdú di òwò ńlá. Wọ́n pààlà igbó ọba Okomu ní 1912. Ilé iṣẹ́ UAC sì ń la pákó ní Sapele. Èdè bá igi náà wọ ọkọ̀ òkun. Ọ̀dọ̀ Yorùbá ni àwọn oníṣòwò àgbáyé ti mú orúkọ ìrókò. “Obeche”, tí Yorùbá ń pè ní arère, láti inú èdè Ẹdó ni. Ìmọ̀ wà nínú orúkọ wọ̀nyí: ẹni tí ó mọ ìrókò mọ̀ pé ikán kì í tètè rí ọkàn rẹ̀ jẹ, ẹni tí ó mọ arère mọ̀ pé ó fúyẹ́, kò sì lálòpẹ́ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Igi Olóògùn

Láyé àtijọ́, èéfín ààrò ni ó ń dáàbò bo igi àjà. Ní 1838, John Bethell gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọgbọ́n mìíràn: a kó igi sínú àgbá irin, a fa afẹ́fẹ́ jáde, a sì fi agbára ti oògùn wọ inú igi. Ní 1933, Sonti Kamesan ará Íńdíà po kọ́pà, kúrómíọ̀mù àti aséníìkì pọ̀. Kọ́pà ń dènà ìjẹrà, aséníìkì ń pa kòkòrò, kúrómíọ̀mù sì ń so wọ́n mọ́ igi. Ṣùgbọ́n oró ni aséníìkì. Nígbà tí ọdún 2003 fi parí, àwọn tí ń ṣe é ní Amẹ́ríkà ti dáwọ́ lílò rẹ̀ fún igi ilé gbígbé dúró.

Ọ̀pọ̀ káfíńtà a máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn sí igi. Èyí kì í wọlé jinlẹ̀. Ibi tí ayùn bá tún gé lẹ́yìn kíkùn ti di ẹnu ọ̀nà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Apá kan igbó Okomu di ọgbà ìtọ́jú ẹranko ti orílẹ̀-èdè ní 1999, ṣùgbọ́n ìrókò ń wọ́n sí i. Bí igi bá ti ń lọ, orúkọ ń tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ó ń pe ìrókò àti arère ní pákó lásán kò ní mọ èyí tí ó ń fẹ́ oògùn kí òrùlé tó wó lé e. Ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà agégẹdú àti káfíńtà nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.