Ojú tí kò dunni, tí kò sì ríran kedere: ìtàn astigmatism

Ìtàn ojú ni mo mú wá lónìí.

Tí ẹ bá dàgbà ní Peckham tàbí Camberwell, ó ṣeé ṣe kí iléèwé ti mú yín lọ sí Greenwich rí, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan sí ìlà-oòrùn, kí ẹ fi èkejì sí ìwọ̀-oòrùn. George Biddell Airy ló ṣe ètò ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ tí ìlà yẹn gba àárín rẹ̀ kọjá. Òun ni olórí onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ yìí láti 1835 sí 1881. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ọmọ iléèwé ni pé ọkùnrin yìí kan náà la mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó wá awò tó bá astigmatism mu, ojú ara rẹ̀ ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ni astigmatism? Iwájú ẹyinjú, ibi tó mọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ni à ń pè ní kọ́níà. Ó yẹ kó tẹ̀ dọ́gba bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ wá mú ṣíbí ìjẹun, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bó ṣe tẹ̀ ní ìbú kọ́ ló ṣe tẹ̀ ní gígùn. Tí kọ́níà bá rí báyẹn, ìmọ́lẹ̀ kò ní pàdé lójú kan. Lẹ́tà á máa ní òjìji, iná ọkọ̀ á máa fọ́n ká lálẹ́, orí á sì máa fọ́ni. Ṣùgbọ́n ojú kò ní pọ́n, kò sì ní ṣepin.

Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Thomas Young, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ní November 1800 ló ka iṣẹ́ rẹ̀ níwájú Royal Society, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1801. Ó wọn ojú ara rẹ̀, ó rí i pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé lóòró yàtọ̀ sí ibi tó ti ń pàdé ní ìbú. Ó ní kò yọ òun lẹ́nu rárá, àti pé òun ì bá má mọ̀ tí òun kò bá wọ̀n ọ́n.

Ti Airy yàtọ̀. Nígbà tó wà ní Cambridge, ó ṣàkíyèsí pé tí òun bá ń kàwé, ojú ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò sára páálí, ó gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, ó sì ń sún un mọ́ ojú òsì. Ní ínǹṣì 6, ihò náà di ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ínǹṣì 3 àbọ̀, ó di ìlà mìíràn tó dábùú ti àkọ́kọ́. Ó ṣe ìṣirò, ó sì gbé e fún oníṣẹ́ awò kan ní Ipswich tó ń jẹ́ Fuller. Fuller gé lẹ́ǹsì tí ojú kan jin bí inú abọ́, tí ojú kejì jin bí inú agolo tí a là sí méjì. Ní 1825, Airy ròyìn pé ojú òsì òun ti ń ka lẹ́tà wínníwínní bíi ti ọ̀tún. William Whewell ló wá fi èdè Gíríìkì sọ àbùkù náà ní astigmatism, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ kò pàdé lójú kan.

Ó pẹ́ kó tó kan aráàlú. Ní 1862 ni Franciscus Donders, dókítà ní Utrecht, kọ ìwé tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i. Ní àdúgbò wa níbí, John Zachariah Laurence ti dá ilé ìwòsàn ojú sílẹ̀ ní Southwark ní 1857. Òun ló wá di Royal Eye Hospital ní St George's Circus, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Kennington. Nígbà tí NHS bẹ̀rẹ̀ ní 5 July 1948, awò di ọ̀fẹ́. Ní 1951 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gba owó rẹ̀.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ẹ ti gbọ́ ọ nílé: "Bọ́ gíláàsì yẹn, ó máa ba ojú rẹ jẹ́." "Fóònù ló ń wò jù." Ìfẹ́ ló ń mú kí àwọn òbí wa sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n awò kì í ba ojú jẹ́. Tí odidi Thomas Young kò bá mọ̀ títí tó fi wọn ojú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló máa mọ̀? Ọmọ tí kò ríran kedere rí máa rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ríran nìyẹn. Kò ní ráhùn. Àwa la ó máa pè é ní olódo, tí a ó ní kò fẹ́ kàwé.

Mo fẹ́ sọ eléyìí bíi nọ́ọ̀sì: tí astigmatism bá le lójú ọmọdé, tí a sì fi sílẹ̀, ọpọlọ lè má kọ́ bó ṣe yẹ kó lo ojú yẹn. Tó bá dàgbà tán, awò nìkan lè má tó mọ́.

Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú lábẹ́ NHS fún ọmọ tí kò tíì pé 16, àti fún ẹni tí kò tíì pé 19 tó ṣì ń lọ síléèwé ní kíkún. Ìwé ìrànlọ́wọ́ owó awò sì wà fún wọn. Ẹ má dúró kí ọmọ sọ pé ojú ń dun òun. Tí ẹ bá sì ń lọ, ẹ mú màmá àgbà dání: ẹni tó bá ti pé 60 náà kì í san kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò.

Ó dàbọ̀ o.