Ayétòrò: Ìtàn Ìlú Àjùmọ̀ní Kan ní Etíkun Ìlàjẹ

Ayétòrò jẹ́ ìlú kékeré tí àwọn apẹja tẹ̀ dó ní etí òkun Àtìláńtíìkì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ó jẹ́ pé orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé lé, tí wọ́n sì ń tẹ́ pákó láti ojúlé dé ojúlé kí ẹlẹ́sẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni ó bẹ̀rẹ̀. Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni àwọn olùtẹ̀dó rẹ̀ ti jáde wá, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládúrà tí ọmọ Yorùbá fúnra wọn dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ka ìran, àlá àti àdúrà ìwòsàn kún gidigidi. Wọ́n kọ òrìṣà bíbọ, wọ́n sì kọ àṣà pípa ìbejì tí ó ṣì wà ní àgbègbè náà, èyí tí ó bí inúnibíni láàárín àwọn aládùúgbò wọn, títí wọ́n fi kó jọ síbi tí ẹlòmíràn kò fẹ́ gbé. Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn.

Láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n fi ètò àjùmọ̀ní lélẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí ó ní ọkọ̀, àwọ̀n tàbí owó tirẹ̀ lọ́tọ̀: ohun tí apẹja bá pa, àpò ìlú ni owó rẹ̀ ń lọ, kò sì sí ẹni tí ń gba owó iṣẹ́, nítorí pé láti inú àpò kan náà ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń tọ kóówá lọ́wọ́. Apá ọ̀tọ̀ ni àwọn ọkùnrin ń gbé, apá ọ̀tọ̀ ni àwọn obìnrin wà, ìdílé kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní agbára lórí ọmọ rẹ̀ mọ́. Ọba, tí orúkọ oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo, ni olórí ìlú àti olórí ìjọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá fara mọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ níbẹ̀. Ètò náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó le lára.

Síbẹ̀, èso rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Àwọn ará ìlú fi ọwọ́ gbẹ́ ọ̀nà omi fún ọkọ̀ wọn, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún aṣọ híhun, bàtà ṣíṣe, ọkọ̀ kíkàn, ọṣẹ àti búrẹ́dì, nígbà tí ó sì di ọdún 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá kò tíì ní nígbà náà. Onímọ̀ ará Kánádà kan, Stanley Barrett, kọ ìwé kan nípa ìlú náà tí ó jáde ní ọdún 1977, ó sì fi orúkọ mìíràn, Olowo, bo orúkọ ìlú náà nínú ìwé ọ̀hún. Ó fi í wé abúlé kan nítòsí tí ìgbàgbọ́ wọn jọ ti Ayétòrò ṣùgbọ́n tí kò ní àpò àjùmọ̀ní, tí kò sì lọ́rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì parí èrò sí i pé àjùmọ̀ní ni ó sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́ nìkan. Àlàyé yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba kóówá láàyè láti ṣòwò fún ara rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn ilé iṣẹ́ àjùmọ̀ní náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn.

Òkun ni ọ̀tá tí ó kù. Láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni omi ti ń jẹ ilẹ̀ wọ inú ìlú, tí ó ń gbé ilé, ilé ìwòsàn àti itẹ́ òkú lọ, tí àwọn tí ilé wọn bá lọ sì ń tún òmíràn kọ́ sẹ́yìn. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun náà fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2004, wọ́n sì tún gbé e fún òmíràn ní ọdún 2009, síbẹ̀ òkun kò yé wọlé. Ọwọ́ ará ìlú nìkan kò lè ká èyí. Ìjọba ni ó yẹ kí ó parí iṣẹ́ tí ó ti ná owó lé lórí.