Orúkọ Ara Bíríkì Odi Nanjing: Ìyìn Ni Àbí Ìjíyìn?

Èrò kan ń gbilẹ̀ láàárín àwa tó ń kọ̀wé lórí odi ìlú ilẹ̀ Ṣáínà, pé ńṣe ni Ọba Hongwu ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ̀kúnnù sára bíríkì odi Nanjing láti fi yìn wọ́n. Akẹgbẹ́ wa kan tún sọ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí. Èrò náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n odi náà fúnra rẹ̀ ta kò ó.

Ohun tí odi ìlú jẹ́ kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa. Ọdún 1366 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Nanjing. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 35, èyí tó lé ní 25 sì ṣì wà ní ìdúró. Láti Jiangxi, Hubei, Anhui àti àwọn ibòmíràn ni wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó bíríkì wá gba orí odò Yangtze.

Ẹni tó bá dé Ẹnubodè Zhonghua yóò fẹ́ ka yàrá 27 tí àwọn ọmọ ogun ń lò níbẹ̀. Kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kó súnmọ́ bíríkì kan, tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn pé, orúkọ ẹkùn ló ṣáájú, àgbègbè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìjòyè alábòójútó, olórí òṣìṣẹ́, ẹni tó sun bíríkì, àti nígbẹ̀yìn pátápátá, ẹni tó fi ọwọ́ mọ ọ́n.

Ibí yìí ni ó yẹ ká ti ya orúkọ ìyìn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ìjíyìn. Orúkọ ìyìn máa ń wá ojú tí yóò rí i. Àìmọye orúkọ tó wà lára odi yìí ló ga ju ibi tí ẹni tó dúró nílẹ̀ ti lè kà á lọ. Orúkọ ìyìn a máa gbé ẹni tó ṣiṣẹ́ síwájú. Ẹni tó pàṣẹ ló ṣíwájú níhìn-ín. Orúkọ ìjíyìn ń tẹ̀ lé àṣẹ láti òkè dé orí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan amọ̀, kí wọ́n lè mọ ilé ẹni tí wọn yóò lọ bí bíríkì bá sán.

Wọ́n lè bi wá pé kí ló wá kó mẹ̀kúnnù àti ìjòyè pọ̀ sára bíríkì kan. Ẹ̀bi ni: bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀. Àṣà náà sì ti pẹ́. Ìwé Lüshi Chunqiu, tí wọ́n kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, ti ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ kọ orúkọ sára ohun tó ṣe, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì jẹ ẹni tó bà á jẹ́ níyà.

N kò sọ pé orúkọ náà kò lè dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ó yẹ ká ṣọ́ra. Síbẹ̀, n kò tíì rí bíríkì kan tó gbè sẹ́yìn èrò akẹgbẹ́ wa.

Ìlú Xi'an ló tún wá pe ọkàn mi. Erùpẹ̀ tí wọ́n gún pọ̀ ni wọ́n fi mọ odi tibẹ̀ láti 1370; ọdún 1568 ni wọ́n tó fi bíríkì bò ó. Erùpẹ̀ kì í gba orúkọ. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tí apá ibi tó wó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀? Inú ìwé ìtàn àgbègbè tí àwọn ìjòyè ìgbà Ming kọ sílẹ̀ ni mo fẹ́ ti wá ìdáhùn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ mi tó kàn yóò ti bẹ̀rẹ̀.