Ẹ̀rọ Tí Bọ́ǹbù Bàjẹ́: Ìtàn Konrad Zuse àti Z1

Bí a bá dárúkọ kọ̀ǹpútà, iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́, inú pálọ̀ ni wọ́n sì ti tò ó pọ̀.

Ìlú Berlin ní Jámánì ni wọ́n bí Konrad Zuse sí lọ́dún 1910. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́, ó sì ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ìṣírò kan náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́, nọ́ńbà nìkan ló ń yí padà. Ó sú u. Lọ́dún 1936, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì sọ pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ di ibi tí yóò ti ṣe ẹ̀rọ tó lè bá èèyàn ṣírò. Ẹ wo bí yóò ti rí nílé yín, kí ọmọ tó jáde yunifásítì pa iṣẹ́ olówó oṣù tì, kó wá máa rẹ́ irin ní pálọ̀! Síbẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ gbà fún un, àwọn ọ̀rẹ́ sì fi owó àti agbára ràn án lọ́wọ́.

Ọdún 1938 ni ẹ̀rọ náà parí. Z1 ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Òdo àti ení nìkan ló fi ń ṣírò: bí irin bá wà níhìn-ín, òdo ni, bó bá sún sọ́hùn-ún, ení ni. Ẹni tó bá ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí yóò tètè lóye èyí: kí èso rẹ̀ ṣíjú tàbí kó dojú dé, ọ̀nà méjì yìí péré ni odù 256 ti jáde. A ò sọ pé ọ̀dọ̀ Ifá ni Zuse ti kọ́ ọ o. Àfiwé lásán la ṣe.

Orí fíìmù sinimá àlòkù ni Zuse lu àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé sí, ní ihò-ihò. Àmọ́ irin a máa há mọ́ra wọn. Nítorí náà, nígbà tó ṣe Z3, tó ṣiṣẹ́ lọ́dún 1941, relay bíi 2,000, irú èyí tí wọ́n ń lò fún tẹlifóònù, ló fi rọ́pò irin.

Ogun Àgbáyé Kejì kò bojú wo ọgbọ́n ẹnikẹ́ni. Bọ́ǹbù ba Z1 jẹ́, àwòrán tí wọ́n fi ṣe é náà ṣègbé. Z3 pàápàá kò yè é.

Zuse ti lé ní ẹni ọdún 75 kó tó tún Z1 ṣe. Ohun tó rántí ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 1989. Musíọ̀mù ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Berlin ni ẹ̀rọ náà wà. Zuse kú lọ́dún 1995.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú ẹ̀rọ yẹn, irin lórí irin ni yóò rí. Ojú kò lè rí bí ó ti ń ronú. Ibí ni Raúl Rojas, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Freie Universität ní Berlin nígbà náà, ti wọlé. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi Z3 gan-an. Ó tún tú Z1 wò, ó sì tẹ àlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́ jáde lọ́dún 2014.

Lójú tiwa, ọ̀wọ̀ yìí ju ère lọ. Èèyàn lè gbẹ́ ère ẹni tí kò yé e. Ṣùgbọ́n bí ìgbésẹ̀ kan bá pa mọ́ ọ lójú, ètò tí o kọ kò ní ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá ni pé Zuse ṣì wà láàyè láti rántí. Ká ní ó ti kú kó tó di 1986 ńkọ́? Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ irú òfò bẹ́ẹ̀: àgbà tó mọ oríkì ìdílé kú, kò sí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá délé ní ìsinmi yìí, ẹ tan fóònù, kí ẹ bi àwọn àgbà léèrè.