Ọwọ́ Lórí Ife: Ilé Ọtí, Òfin àti Àwọn Ọkùnrin Tí Ó Fẹ́ràn Ọkùnrin ní Ìlú New York, 1933 sí 1969



Ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí ẹmu rí mọ̀ pé kì í ṣe òùngbẹ nìkan ni ó ń gbé ènìyàn débẹ̀. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè mu omi nínú ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀rín, àti ìtùnú pé a wà láàárín àwọn tí ipò wọn jọ tiwa ni ó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sídìí ọtí. Nítorí náà, bí òpìtàn bá fẹ́ mọ ẹni tí ìlú ńlá kan kà sí ọmọ ìlú àti ẹni tí ó fi sí ẹ̀yìn odi, ó lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láti ilé ọtí. Ta ni a ń bu ọtí fún níbẹ̀? Ta ni a kì í bu ọtí fún? Kí sì ni ìdí rẹ̀?

Àwọn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn àwọn ọkùnrin tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú New York. Mo mọ̀ pé èrò wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òpìtàn ni láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ìdájọ́ tó dé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìwé àṣẹ ọtí títà di irinṣẹ́ tí ìjọba fi ń lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò láwùjọ, àti pé ohun tí irinṣẹ́ náà ń fìyà jẹ jù lọ ni òtítọ́ sísọ.

Òfin àti Ìwé Àṣẹ

Láti ọdún 1920 sí ọdún 1933, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ka ọtí ṣíṣe àti ọtí títà léèwọ̀. Ní àsìkò náà, ilé ọtí bòńkẹ́lẹ́ pọ̀ ní New York. Arúfin ni ẹni tí ó ń tà, kò sì sí ìwé àṣẹ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò máa bẹ̀rù pé kí a má gbà. Nígbà tí a fagi lé òfin yìí ní 1933, Ìpínlẹ̀ New York dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1934 láti máa ṣàkóso ọtí. Àjọ yìí ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Òun náà ni ó sì lè gbà á padà. Òfin tí ó ń lò pàṣẹ pé ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé ọtí rẹ̀ di ilé rúdurùdu.

Ẹ kíyè sí i pé òfin ọtí náà kò dárúkọ ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin rárá. Ìtumọ̀ tí a fún ọ̀rọ̀ náà, "rúdurùdu", ni ó kó wọn sínú rẹ̀. Bí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá ti ń pàdé níbì kan, wọn ìbáà jókòó jẹ́ẹ́, a lè ka ilé náà sí ilé rúdurùdu. Àwọn ọlọ́pàá a máa wọ aṣọ ilé, wọn a jókòó ti oníbàárà, wọn a bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Bí ó bá sì dá wọn lóhùn bí wọ́n ti fẹ́, wọn a mú un. Lẹ́yìn èyí, ìwé àṣẹ onílé ọtí wọ ewu. Ẹ̀rù yìí sọ oníṣòwò di ọlọ́pàá lórí àwọn oníbàárà tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kí ó ya àwa lẹ́nu. Ní ilẹ̀ tiwa, ìjọba amúnisìn pe ògógóró ní ọtí arúfin nígbà tí jíìnì òkè òkun ń gba èbúté wọlé. Ẹni tí ó di ìwé àṣẹ mú ni ó ń sọ ohun tí ó mọ́ àti ohun tí kò mọ́.

Ọjọ́ Kọkànlélógún Oṣù Kẹrin, 1966

Ní 1966, ẹgbẹ́ Mattachine ti New York, tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, pinnu láti dán àṣà náà wò. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ní ìpìlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, 1960, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ti jókòó sídìí káńtà oúnjẹ ní ilé ìtajà Woolworth ní ìlú Greensboro, Ìpínlẹ̀ North Carolina, wọn kò sì dìde nígbà tí a kọ̀ láti dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà. Awọ ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó la ẹnu. Àwọn ti New York ní láti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Bí wọn kò bá sọ ọ́, a ó bu ọtí fún wọn, ìdánwò náà yóò sì di asán.

Dick Leitsch, Craig Rodwell àti John Timmons wọ kóòtù, wọ́n so táì, wọ́n sì pe àwọn akọ̀ròyìn láti bá wọn lọ. Ilé oúnjẹ kan ní St. Mark's Place ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lọ, níbi tí àkọlé kan ti sọ fún irú wọn pé kí wọ́n kọjá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn ti ṣáájú wọn débẹ̀, onílé sì ti ti ilẹ̀kùn. Wọ́n lọ sí Howard Johnson's, wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n ní àwọn kò ní da ibẹ̀ rú, wọ́n sì béèrè ọtí. A bù ú fún wọn. Wọ́n lọ sí Waikiki. A tún bù ú fún wọn.

Níkẹyìn ni wọ́n dé Julius', ilé ọtí àtijọ́ kan ní West 10th Street, ní àdúgbò Greenwich Village. Randy Wicker ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí irú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti ń mutí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwọn ọlọ́pàá ti mú oníbàárà kan níbẹ̀. Agbọ́tí ti gbé ife síwájú wọn kí wọ́n tó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí ó ti gbọ́ ọ, ó na ọwọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ife náà. Fred McDarrah, ayàwòrán ìwé ìròyìn Village Voice, ya fọ́tò ọwọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo fọ́tò yìí bí òpìtàn ti í wo ẹ̀rí. Agbọ́tí kì í ṣe ọ̀tá wọn; ìwé àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Kì í ṣe pé kò mọ irú àwọn tí ó ń wá síbẹ̀. Ó ti ń bu ọtí fún irú wọn tipẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé wọ́n sọ ọ́ jáde. Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Káńtà Julius' ni ọjà náà lọ́jọ́ yẹn.

Ohun Tí Ó Tẹ̀yìn Rẹ̀ Yọ

Ní ọjọ́ kejì, New York Times gbé ìròyìn náà jáde, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn pe àwọn ọkùnrin náà nínú àkọlé rẹ̀. Alága àjọ ọtí sọ pé àjọ òun kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má ta ọtí fún wọn. Àṣẹ tí gbogbo onílé ọtí ti ń bẹ̀rù láti ọdún pípẹ́ kò wá ní bàbá mọ́. William Booth, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ alága àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìlú náà, gbè sẹ́yìn àwọn tí a kọ̀. Ní oṣù kọkànlá 1967, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní New Jersey, ìpínlẹ̀ tí ó múlé ti New York, dá ẹjọ́ ilé ọtí mẹ́ta, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé a kò lè fìyà jẹ onílé ọtí kìkì nítorí pé irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń pàdé nílé rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá hùwà àìtọ́.

Síbẹ̀, ìdájọ́ kì í tètè dé ojú títì. Ọ̀pọ̀ olóòótọ́ oníṣòwò sá fún òwò náà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Máfíà ni ó ni Stonewall Inn ní Christopher Street, tí kò jìnnà sí Julius'. Kò ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ń bu omi la ọtí rẹ̀, wọ́n ń tà á gbówó lórí, wọ́n sì ń fún ọlọ́pàá ní rìbá. Nígbà tí ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀ ní òru ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, 1969, àwọn oníbàárà kò sá. Wọ́n kojú wọn, rògbòdìyàn náà sì gba ọjọ́ púpọ̀. Craig Rodwell, tí a fi ọwọ́ bo ife mọ́ lọ́wọ́ ní 1966, wà níbẹ̀. Ó sì wà lára àwọn tí ó ṣètò ìwọ́de ìrántí àkọ́kọ́ ní 1970.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka Stonewall sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Èrò tèmi ni pé ìbínú 1969 kò lè yé wa láìka ìwé àṣẹ 1934 àti ife 1966. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ètò òfin kan wà tí ó ń fi ife kan san owó ìdákẹ́ fún ènìyàn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í fi ara hàn nínú ìwé òfin ńlá. Inú àkọsílẹ̀ àwọn àjọ kéékèèké ni ó ń sá pamọ́ sí: ìwé àṣẹ, ìwé ìkìlọ̀, ìwé owó ìtanràn. Ní 2022, ìlú New York sọ ilé Julius' di ibi ìtàn tí òfin ń dáàbò bò, ọtí ṣì ń tà níbẹ̀. Mo rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n má fi ojú kékeré wo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìpamọ́ ìwé tiwa náà, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti mọ àwọn tí ọwọ́ bo ife mọ́ lọ́wọ́ láàárín wa.